Fáànù rédíétọ̀ tí kò yí títí ọkọ̀ fi gbóná: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè tó wọlé nìyí:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa wáyà ọkọ̀, ẹ gbà mí. Toyota ọdún 2004 ni mo ń wà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, fáànù méjì ló ní. Tí mo bá ń sáré lójú ọ̀nà Iléṣà, gọ́ọ̀jì kì í kọjá àárín. Àmọ́ tí mo bá ti wọ Ọjà Ọba ní Akúrẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú mi, ó ti ń gòkè nìyẹn, éésì náà á sì máa fẹ́ ooru. Nígbà míì, tó bá ti fẹ́ dé ibi pupa, fáànù kan á ṣàdédé bú sókè bí ẹ̀rọ ìlọta, ìkejì ò ní mira. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kí n ra rédíétọ̀ tuntun. Ìkejì ní kí òun yọ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ tó bá ti gbóná. Rewáyà àdúgbò wa ní kí òun so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní títan, pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Owó rédíétọ̀ ò sí lọ́wọ́ mi."

* * *

Ẹ má ra rédíétọ̀ kankan. Ẹnu ara yín lẹ fi sọ ibi tí àrùn náà wà, ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà. Lójú ọ̀nà Iléṣà, eré tí ẹ ń sá ló ń ti atẹ́gùn wọ rédíétọ̀. Bí fáànù yí, bí kò yí, omi á tutù. Ní Ọjà Ọba, ọkọ̀ dúró, atẹ́gùn dúró, fáànù nìkan ló kù tó lè fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ pé rédíétọ̀ ló dí nínú, orí eré gan-an ni ì bá ti máa yọ yín lẹ́nu, tàbí nígbà tí ẹ bá ń gun òkè Ìdànrè, torí ibẹ̀ ni ẹńjíìnì ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Bí èmi ṣe máa ń pín in nìyí: ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró tó sì ń tutù lórí eré, fáànù ni mo kọ́kọ́ ń wò. Èyí tó ń gbóná lórí eré, mo máa ń wo omi tó dín, rédíétọ̀ tó dí, thermostat tó kọ̀ láti ṣí, pọ́ńpù omi. Tó bá ń gbóná níbi gbogbo, tó tún ń mu omi láìsí ibi tó ń jò, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ gákẹ́ẹ̀tì orí ẹńjíìnì wò kíákíá.

Ẹ̀rí kejì ni éésì yín. Kọ́ńdẹ́ńsà éésì, ibi tí gáàsì rẹ̀ ti ń tutù, ló dúró síwájú rédíétọ̀, fáànù kan náà ló sì ń tu àwọn méjèèjì lára. Éésì tó ń tutù lórí eré tó sì ń fẹ́ ooru lórí ìdúró, gáàsì rẹ̀ lè má dín rárá. Mo mọ ẹni tí wọ́n ti rọ gáàsì fún lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Fáànù ni.

Ìbéèrè kan ni mo ní kí ẹ dáhùn kí ẹ tó náwó: láàárọ̀, tí ẹńjíìnì ṣì tutù, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan ọkọ̀, ẹ tan éésì. Ṣé fáànù méjèèjì yí, àbí ọ̀kan, àbí kò sí èyí tó yí?

* * *

Kí oníbèéèrè tó padà, ẹni mẹ́fà ti dáhùn, mẹ́rin nínú wọn ló ní kó so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì kó lọ sinmi. Ọ̀kan ní ọkọ̀ òun ti wà lórí dáírẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2019, kò sì sí nǹkan tó ṣe é.

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe wáyà ọkọ̀ ní Ìsíkàn níbí, dáírẹ́ẹ̀tì fáànù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń yọ́ wáyà fún mi tún ṣe. Fáànù kan lè fa iná tó 10 sí 15 amp, tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní wáyà tó nípọn, rílè tirẹ̀ (síwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá), àti fíùsì 30 tàbí 40. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa wá wáyà tín-ín-rín, á fà á láti ibi kọ́kọ́rọ́ ìtanná, kò ní fi rílè sí i, kò ní fi fíùsì sí i. Gbogbo iná fáànù wá ń gba inú síwíìṣì kékeré tí wọn ò ṣe fún un kọjá, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní títan.

Ara ọkọ̀ mi ni mo ti kọ́ ọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù nígbà náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Oṣù bíi mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, à ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀, èmi, ìyàwó mi àti àkọ́bí wa tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. A dé Ọ̀bá-Ilé, òórùn ọ̀rá jíjóná gba inú ọkọ̀. Kí n tó wábi dúró sí, èéfín ti ń jáde lábẹ́ sítíárìn. Mo sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ lásán fa orí bátìrì yọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo tú u, ara wáyà tí mo fà náà ti yọ́ mọ́ wáyà mẹ́ta míì tó bá a rìn, gbogbo wọn lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀dà, idẹ inú wọn sì ti dúdú. Tó bá jẹ́ òru ni, tí ọmọ yẹn sùn lẹ́yìn ọkọ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ṣe é fún ẹnikẹ́ni láìsí rílè àti fíùsì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí fáànù kú, tí ẹ wà ní Ọwẹ́nà, ẹ so ó kí ẹ fi délé: wáyà tó nípọn, láti orí bátìrì, fíùsì 30 lẹ́bàá orí bátìrì gan-an. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tú u, ẹ wá ohun tó pa fáànù. Ẹni tó ní láti ọdún 2019, mo bẹ̀ yín, ẹ wa ọkọ̀ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọwọ́ kan wáyà yẹn. Tó bá gbóná débi tí ẹ ò lè dì í mú, ẹ má fi sùn.

* * *

Ọ̀rọ̀ thermostat. Wọ́n máa ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, pé àwọn tó ń gbé nínú yìnyín ni wọ́n ṣe é fún. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan bí 82 digiri ni thermostat ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí oòrùn Akúrẹ́ ṣe lè mú tó nínú oṣù kẹta, kò dé ìdajì rẹ̀. Yálà ìlú tutù tàbí ó gbóná, tí omi bá ti gbóná tó, ìlẹ̀kùn ẹ̀ ti ṣí, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́.

Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹńjíìnì ò ní tètè gbóná bó ṣe yẹ. Bíréènì ọkọ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹńjíìnì, á máa rò pé àárọ̀ kùtù ṣì ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Pẹ̀lú iye tí à ń ra epo báyìí! Àwọn ẹńjíìnì kan sì wà tó jẹ́ pé thermostat yẹn náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹńjíìnì láì dé rédíétọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi gbígbóná ń yí po nínú ẹńjíìnì, ọkọ̀ wá ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

* * *

Oníbèéèrè ti padà. Ó ní òun tan éésì, òun dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, fáànù kankan ò yí. Nígbà tó jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ní títan títí gọ́ọ̀jì fi kọjá àárín dáadáa, fáànù tó wà lọ́wọ́ dírẹ́bà bú, tọwọ́ kejì dúró gbagidi. Ó ní èyí tó bú yẹn dáa nìyẹn, pé rílè ló ń pẹ́ kó tó jí.

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Àwọn Toyota onífáànù méjì kan wà tí eré fáànù wọn jẹ́ méjì. Eré jẹ́jẹ́ ni ti àkọ́kọ́: iná á gba inú fáànù kan, á jáde, á wọ inú ìkejì kó tó lọ sí ara irin ọkọ̀. Wọ́n pín iná bátìrì láàárín ara wọn, ìdajì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì yí pẹ̀lẹ́. Tí omi bá wá gbóná jù, àwọn rílè á yí ọ̀nà padà, fáànù kọ̀ọ̀kan á gba iná bátìrì lódindi fúnra ẹ̀, wọ́n á bú.

Ẹ wá wò ó. Tí fáànù kan bá kú nínú, iná ò lè gba inú ẹ̀ kọjá mọ́, ìkejì tí ara rẹ̀ yá náà ò ní yí ní eré jẹ́jẹ́. Bí gílóòbù Kérésìmesì ayé àtijọ́ tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn ni: ọ̀kan jó, gbogbo okùn ṣókùnkùn. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ hó, tí rílè yí ọ̀nà padà, kí èyí tó yè tó rí iná tirẹ̀ gbà. Ohun tí ẹ rí gan-an nìyẹn. Fáànù tí kì í yí rárá yẹn ló ń dá méjèèjì dúró. Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká dán an wò ká tó gbà á.

* * *

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé fáànù gé ẹnikẹ́ni níka. Ọkọ̀ mìíràn wà tí fáànù rẹ̀ lè gbéra lẹ́yìn tí ẹ ti pa á.

Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù méjèèjì. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lójú oòrùn. Pínnì tó dá máa ń dán. Tí ọ̀rá etí rẹ̀ bá ti di búráùn tó sì le bí egungun, tàbí tí ẹ rí ohun aláwọ̀ ewé lára pínnì, iná ò rọ́nà gbà dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń gbóná. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ mótọ̀ fáànù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ló jóná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá wáyà méjì tó nípọn, kí fíùsì 30 wà lára ọ̀kan, ẹ fún fáànù kọ̀ọ̀kan níná tààrà láti orí bátìrì. Èyí tó bá yí wéréwéré, mótọ̀ rẹ̀ yè. Èyí tí kò bá yí, ẹ fi ìdí sukurudíráfà lu ẹ̀yìn mótọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá gbéra lẹ́yìn tí ẹ lù ú, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú mótọ̀, ló ti jẹ tán. Ẹ fọwọ́ yí apá fáànù náà: tó bá ń há, tó ń dún gírígírí, bẹ́rìn ti lọ.

Tí méjèèjì bá yí, ẹ ó padà sọ́dọ̀ àwọn rílè, ẹ ó sì wo wáyà áàtì, èyí tí wọ́n de mọ́ ara irin ọkọ̀ níwájú. Ìpẹtà lábẹ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi dè é lásán ti da ọ̀pọ̀ rewáyà láàmú fún ọjọ́ mẹ́ta.

* * *

Ẹnì kan dá sí i pé gbogbo àlàyé yìí ti gùn jù, pé kó ra rílè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó pààrọ̀ wọn, pé rílè ò wọ́n.

Rílè tó so fáànù méjèèjì pọ̀ lè bàjẹ́ lóòótọ́, á sì fún wa ní àmì tó jọ èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á kọ́kọ́ dán mótọ̀ wò. Kí ló dé tí a ó fi ra ohun tí a ò tíì mọ̀ pé ó bàjẹ́? Rílè tí ẹ bá fura sí, ẹ wá irú rẹ̀ gan-an nínú àpótí fíùsì, nọ́ńbà kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Nígbà míì ti fèrè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wọ́n ṣe pààrọ̀. Tí fáànù bá yí tí fèrè sì kú, ẹ ti rí i láìná kọ́bọ̀.

Ẹlòmíràn ní sẹ́ńsọ̀ ni, ohun tó ń wọn ìgbóná omi tó sì ń sọ ọ́ fún bíréènì. Kì í ṣe nínú ọkọ̀ yìí: fáànù kan bú nígbà tí omi gbóná jù, èyí tó fi hàn pé sẹ́ńsọ̀ ń jíṣẹ́, bíréènì ń gbọ́. Àmọ́ fún ẹ̀yin tí fáànù yín kì í yí rárá, bó ti wù kó gbóná tó: ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ omi nígbà tí ọkọ̀ wà ní títan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, bíréènì tí kò bá gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ mọ́ á ní kí fáànù máa yí, kí nǹkan má bàa bàjẹ́. Tí wọ́n bá yí, fáànù, rílè àti wáyà wọn yè, ẹ lọ wo sẹ́ńsọ̀. Tí ẹ bá ní mítà, sẹ́ńsọ̀ Toyota tó dá máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 ohm nígbà tó tutù ní nǹkan bí 20 digiri, á sì já wálẹ̀ sí bíi 300 tí omi bá dé 80 digiri. Èyí tó bá dúró lójú kan, bó gbóná bó tutù, ti kú. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, iná ẹńjíìnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Sikánà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ohun tó wà nínú bíréènì ọkọ̀, lè pa á.

* * *

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Àrákàlẹ̀ béèrè ìdí tí ọkọ̀ òun kò fi yọ òun lẹ́nu ní oṣù Kejìlá, tó wá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kejì. Ọyẹ́ ni, mà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tutù láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń bá fáànù tó ti rẹ̀ bo àṣírí. Tí ooru bá dé, àṣírí á tú. Eruku ọyẹ́ yẹn kan náà ló tún ń dí ojú rédíétọ̀, òun àti kòkòrò. Ẹ fi omi tí kò le fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, níhà ẹńjíìnì, kí ìdọ̀tí gba iwájú jáde. Omi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń ta bí ìbọn máa ń tẹ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀.

Nítorí Ọlọ́run, mo bẹ gbogbo yín, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Ẹ wo orí ìdérí yẹn, 0.9 tàbí 1.1 ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Agbára tó fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀ nìyẹn, òun ni kò jẹ́ kí omi hó ní 100 digiri. Ó lè kọjá 110 kó ṣì wà jẹ́jẹ́. Wẹ́rẹ́ tí ẹ bá tú u, agbára náà lọ, gbogbo omi náà fẹ́ di oru lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ ló sì ń gbà á. Ọmọ iṣẹ́ kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ṣì ní àpá rẹ̀ láti àgbọ̀n dé àyà. Aṣọ tí ẹ fi bo ọwọ́ kò gbà yín. Ẹ dúró fún wákàtí kan.

* * *

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí oníbèéèrè tó kọ̀wé. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ, òun àti ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tó ń kàwé ní FUTA. Fáànù ọwọ́ dírẹ́bà yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tọwọ́ kejì kọ̀. Wọ́n lù ú, ó yí bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tún dúró. Wọ́n tú mótọ̀ náà, ó sì ya fọ́tò rẹ̀: nínú kábọ́ọ̀nù méjì tó yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan kò ju hóró ìrẹsì lọ mọ́, sípíríìnì rẹ̀ ti yọ síta, ó ń gún irin.

Ó ra mótọ̀ tòkunbọ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má sanwó kí wọ́n tó fi bátìrì dán an wò lójú rẹ̀. Àkọ́kọ́ tí wọ́n mú jáde kò yí, ìkejì ló gbà. Ìṣòro kan ṣẹ́kù. Orí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n gé e, wọ́n fi wáyà so wáyà. Mo ní kó mú abala bébà kan, kó mú un súnmọ́ ojú rédíétọ̀ láti iwájú nígbà tí fáànù ń yí. Ẹ̀yìn rédíétọ̀ ni fáànù tiẹ̀ wà, fífà ló yẹ kó máa fa atẹ́gùn sọ́dọ̀ ẹńjíìnì, kí bébà lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ fúnra ẹ̀. Bébà lẹ̀ mọ́ apá ọwọ́ dírẹ́bà. Níwájú fáànù tuntun, ó fò padà sí i lọ́wọ́. Wọ́n ti so pọ́sítíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, fáànù méjì ń bá ara wọn jà. Wọ́n yí wáyà padà, wọ́n fi ọ̀jẹ̀ jó o mọ́ra, wọ́n fi rọ́bà bò ó. Bébà lẹ̀ níhà méjèèjì.

Ó ní tí òun bá tan éésì báyìí, fáànù méjèèjì á yí pọ̀ jẹ́jẹ́, débi pé òun ní láti bẹ̀rẹ̀ kí òun tó gbọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló gbé e lọ sí Ọjà Ọba, tó fi sikánà Bluetooth wo ìgbóná omi lórí fóònù: 93, 96, 97, ó tún já sí 92. Gọ́ọ̀jì dáṣíbọ́ọ̀dù kò mira ní àárín. Ìyẹn náà ṣe kókó o: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọwọ́ gọ́ọ̀jì á dúró lójú kan láti bíi 80 títí ó fi kọjá 100, kì í sọ ohun tó ń lọ títí yóò fi fẹ́ pẹ́ jù. Sikánà kékeré yẹn dáa ní níní.

Ó wá béèrè bóyá kí òun pààrọ̀ mótọ̀ ọwọ́ dírẹ́bà náà, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dé. Ẹ má tíì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ tí àyè bá yọ, ẹ wo bí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣe gùn sí. Tó bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ wá kábọ́ọ̀nù nìkan rà, kí ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí ìwọ̀n rẹ̀ má bàa yàtọ̀.